Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Sínú Odi Méje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà, 2026

Wọ́n ti kéde rẹ̀. Apá kejì Odi Méje, eré orí ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn, yóò jáde nínú oṣù Ọ̀wàrà. Mo wo fídíò ìpolówó náà ní ibi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń wọn ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, mo pa ohùn rẹ̀, mo sì ń bá àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú mi lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Òkè yìnyín wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ afárá wà níbẹ̀. N kò rí ọmọ kankan.

Kí n kọ ọ́ létòlétò, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Nínú apá kìíní, obìnrin aṣọ́bodè kan ni à ń darí. Ní odi kẹrin, ó bá ọmọ-ọwọ́ kan nínú ahoro, obìnrin. Eré á bi ọ́ ní orúkọ tí o fẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, o gbọ́dọ̀ yan: kí o fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ilé àdúrà, kí o sì gbé asà rẹ kọ́ ẹ̀yìn, tàbí kí o pọn ọmọ, kí o sì jà dé òpin láìní asà. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé asà.

Èmi pọn ọmọ. Ayọ̀ọlá ni mo tẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ eré náà lórí Wasaapu kò sinmi láti àná. Ìjà àtijọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀: àwọn alásà níhìn-ín, àwa agbọ́mọpọ̀n lọ́hùn-ún. Alásà kan kọ ọ́ pé àwa la gbé ọmọ tó ń ké lọ bá dírágónì jà, bí ẹni ń lọ sí ẹ̀rọ ọlọ. Franck, tó ń darí ẹgbẹ́ láti ìlú Parakou, dá a lóhùn pé: “Ẹ fi àwọn agbọ́mọpọ̀n sílẹ̀. Àwọn ló mọ ohun tí ẹ̀yìn wà fún.” Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

(Àwọn tó ya eré náà so ọ̀já mọ́ èjìká. Ọmọ ì bá ti jábọ́ kó tó kúrò ní ahoro. Mo ti dárí jì wọ́n.)

Ìbẹ̀rù mi. Pé wọn yóò sọ ogun jíjà di kí á kàn máa gbá bọ́tìnnì, nítorí àwọn ọmọdé tí kò ní sùúrù. Pé wọn yóò pààrọ̀ obìnrin tó fi ohùn rẹ̀ ṣe aṣọ́bodè. Méjèèjì yìí, mo lè fara dà á. Èyí tó kù ni pé n kò mọ̀ bóyá a óò lè gbé ibi tí a bá eré dé wọ inú apá kejì. Fídíò sọ pé ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá. Bí wọ́n bá jẹ́ kí á gbé e wọlé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ayọ̀ọlá.

N kò tíì jẹ́ kí ọkàn mi dé ọdún kejì rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ẹrẹ́nà

Ó yẹ kí n kọ èyí náà, nítorí kò sí ibòmíràn tí à ń sọ ọ́.

Ayọ̀ọlá tèmi lo oṣù mẹ́jọ láyé. Ibà ló pa á. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tó ti lọ. Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Ìyá Àṣẹ nínú ìwé yìí, ló pàṣẹ ohun gbogbo. Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ náà, aṣọ rẹ̀ ti kúrò nílé, abọ́ ìwẹ̀ rẹ̀ ti kúrò, àwòrán rẹ̀ ti kúrò. Wọ́n ní òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n má sunkún pẹ́, kí èyí tó ń bọ̀ má bàa bẹ̀rù. Wọ́n ní kí á má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Rodrigue, ọkọ mi, sọ ohun tó máa ń sọ sí ohun gbogbo: “Ó dára.” Ògbẹ́ni Ó-Dára. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pe orúkọ náà nínú ilé yìí.

Èyí tó ń bọ̀ kò wá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra eré náà, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo dé odi kẹrin. Ẹ̀rọ kan bi mí ní orúkọ ọmọ mi. Ẹ̀rọ ni. Ènìyàn kankan kò bi mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Ẹrẹ́nà

Ìyá Àṣẹ yọjú sí mi lẹ́nu eré: “Ìyàwó, ogun yìí ò tíì parí?” Mo ní ó kù díẹ̀, Màmá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà

Franck gbé ìròyìn wá: àwọn kan tó ti dán apá kejì wò ní òkè òkun sọ pé a óò lè gbé eré àtijọ́ wọlé. Kò dájú. Síbẹ̀, mo nu eruku ara ẹ̀rọ, mo ṣe ẹ̀dà eré mi sí ibi méjì. Mo ti ń ro irú ohùn tí Ayọ̀ọlá yóò ní.

Mo sọ fún Rodrigue nídìí oúnjẹ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé ààlà fún onílẹ̀: ọdún mélòó ló kọjá, báwo ni yóò ṣe dàgbà, pé yóò máa sọ̀rọ̀. N kò dárúkọ. Ó ń wo àwo rẹ̀. Ó ní ó dára. Ó bèèrè bóyá ata ṣì kù.

Mo gbé ata fún un. Mo rọra gbé e kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà

Olùdarí eré náà sọ̀rọ̀ lónìí, ní èdè Faransé. Ọ̀gá Aláṣọ Dúdú — kì í wọ àwọ̀ mìíràn. Ó ní kò sí gbígbé eré àtijọ́ wọlé. Ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé, nínú rẹ̀ sì ni aṣọ́bodè ti gbé asà lọ. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bi í, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ọmọ yẹn ńkọ́.

Ó ní: “Ibà pa á ní ilé àdúrà, kó tó mọ̀ ọ́n rìn. A fẹ́ kí aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ láìní ẹrù.”

Mo dá fídíò dúró. Mo dá a padà. Mo tún un gbọ́, bóyá Faransé mi ló ṣì mí lọ́nà. Kò ṣì mí.

Ẹrù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ẹrẹ́nà

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ wọn: ìpínrọ̀ mẹ́ta, kò sí èébú níbẹ̀. Ní politẹ́kíníìkì, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ tako àwòrán ilẹ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibi tí ààlà ti yẹ̀. Mo tọ́ka sí i. Èsì wọn dé kí n tó dìde lórí àga. Wọ́n dúpẹ́ fún ìfẹ́ mi sí eré náà, wọ́n sì fi àwòrán aṣọ́bodè ta mí lọ́rẹ.

Ó gbé asà kọ́ ẹ̀yìn.

Franck kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀: “Tantí, ẹ má bínú. Eré ni.” Mo dá a lóhùn pé mo mọ̀ pé eré ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ẹrẹ́nà

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá Àṣẹ bi mí, lójú Rodrigue, kí ló dé tí n kò fọwọ́ kan oúnjẹ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àbí nǹkan ti ń bọ̀ ni? Ojú rẹ̀ lọ sí ikùn mi.

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn tó ń ṣí òkúta ààlà nípò sọ̀rọ̀ ni mo lò.

“Màmá, mo ń ṣọ̀fọ̀ Ayọ̀ọlá. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán.”

Rodrigue dìde. Kò sọ pé ó dára. Ó jáde sí àgbàlá, mo sì rí i láti ojú fèrèsé tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri, tó dorí kodò. Ìyá Àṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. N kò bẹ̀bẹ̀. N kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ẹrẹ́nà

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí Ìyá Àṣẹ kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n wọ bàtà tó le, pé à ń lọ sí oko ẹbí wọn ní abúlé Sakin. Alùpùpù méjì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbà pé ó fẹ́ fà mí lé àwọn àgbà ẹbí lọ́wọ́, kí n wá tọrọ àforíjì. Mo to àwọn èsì mi lójú ọ̀nà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kò sí àforíjì nínú wọn.

Kò yà ní ilé ẹbí. Ó gba àárín àwọn igi kajú kọjá, èso ń jẹrà nílẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ó dúró ní eteetí oko, lábẹ́ igi ẹ̀mì kan, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní ọmọdé lọ. Koríko ga yí i ká. Orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. A ti ro ó, ó sì hàn pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó ní: “Tìẹ nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, mo tẹ̀ lé wọn. Mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe tèmi.”

Gbogbo èsì tí mo tò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé tiwọn wo.

“Àkọ́bí mi. Oko yìí náà ni wọ́n sin ín sí. Wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú.” Ó tẹ̀ba, ó fa koríko kan ṣoṣo tó yọ lórí Ayọ̀ọlá. Kò wo ojú mi. “Tí mo bá ń ro oko yìí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń rọra ro.”