Ilé Ẹbí Orí Fóònù, Láti Ìgbà Tó O Ti Jáde

Aláròyé mi, ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ àkọ́kọ́ tó o wọ̀ láyé, o kú iṣẹ́ o. O kú ìdúró, o kú àìsùn, o kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń rìn káàkiri ilé ìwòsàn ńlá yẹn, kò ní kọ. Ẹni tó o bá fọwọ́ kàn yóò dìde, ìwọ náà kò sì ní dùbúlẹ̀ àìsàn. Àmín. Ara mi le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń ṣiṣẹ́, àfi pé ó máa ń ráhùn díẹ̀ bí aṣọ bá nípọn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ṣì ń bá rédíò jiyàn bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Inú ìwé ni mo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, torí kò yẹ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. O mọ̀ pé ìwọ lo mú mi wọ ilé ẹbí orí fóònù yẹn, tó o ní kí n jẹ́ olórí ibẹ̀ torí pé èmi ni ìyàwó àgbà. N kò fi ipò náà ṣeré o. Láàárọ̀, n kì í ṣí i láìwẹ̀, mo sì máa ń wé gèlè kí n tó wọlé, torí n kò mọ ẹni tó ti lè jókòó síbẹ̀. Mo máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ títí dé orí ọmọ ọwọ́ tí kò ní fóònù, ìgbà tí n ó bá fi parí, oòrùn ti dé àtàrí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní kí n máa kí wọn lápapọ̀, pé fóònù òun kò sinmi. Mo bi í pé ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, kéèyàn wọ yàrá kó kàn ju ìkíni sílẹ̀ bí ẹni da omi nù? Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan ń kọ̀wé lọ́wọ́, mo máa ń dákẹ́ dè é ni, torí èèyàn kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kan, àna ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé títí oúnjẹ mi fi jóná lórí iná, kò sì sọ nǹkan kan nígbẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń fi ìborùn bo fóònù kí wọ́n lè rí oorun sùn.

Ìwà èèyàn kì í fara sin níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ kì í sọ̀rọ̀ rárá, a kàn máa ń rí i pé ó ti kà á. Mo ti ń pè é ní agbéraga nínú ọkàn mi, àfi ọjọ́ tí mo kọ ọ́ pé orúnkún ń dùn mí. Gbogbo ilé ló ń fi pẹ̀lẹ́ ránṣẹ́, òun kò kọ nǹkan kan, ló bá yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi gbígbóná àti aṣọ ìnura. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní tiẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń rín sí ohun gbogbo. Wọ́n ní ìjì ṣí òrùlé ẹnì kan, ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà ránṣẹ́. Mo bá a wí. Ó ní ẹkún lòun rò pé ó ń sun.

Àbúrò rẹ olùkọ́ náà tún gbé ìbéèrè kan wá, pé téèyàn bá dáhùn rẹ̀ tán, fóònù á sọ irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní bí mo bá wọ àwùjọ, ṣé èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àbí mo máa ń wòran. Mo kọ ọ́ pé ó di ìgbà tí mo bá rí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Kò gbà, ó ní dandan kí n mú ọ̀kan. Mo mú ọ̀kan, ó ní aláriwo ni mí. Bàbá rẹ ní fóònù náà gbọ́n. Mo wá bá ọ dáhùn tìrẹ. Ó ní irú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kúrò láwùjọ tó sì ń lọ sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i ni ọ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ṣebí èmi ni mo bí ọ.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kékeré tó ń tún bàtà ṣe ló jẹ́ kí n mú gègé. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sí i. O ní irọ́ ni, pé ó lè fọ́ ojú. Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n o fi kún un pé ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ronú, lójú gbogbo ilé, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun náà wá kọ ọ́ pé kó o lọ wá ilé ọkọ tó o ti máa pariwo. Ẹyin lohùn. Ó dùn mí débi pé mo gbé fóònù lé orí tábìlì, mo bọ́ síta. Ìgbà tí mo máa padà wọlé, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti jáde.

Mo rò pé o lọ gba atẹ́gùn ni. Mo dè ọ́. N kò pa fóònù, mo tiẹ̀ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kó máa bá mi gba iná sí i, kí ilẹ̀kùn má baà tì mọ́ ọ síta. Nígbà tí n kò rí ọ, tí o kò sì gbé ìpè mi, mo lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo bi í pé ibo ni ẹnu ọ̀nà yẹn já sí. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní kò já síbì kankan, pé o fi wọ́n sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n torí pé èmi ni olórí, bí mo bá tẹ orúkọ rẹ báyìí, wàá tún bá ara rẹ nínú ilé. Mo ní rárá o. Wọ́n dójú ti ọmọ mi tó ti dàgbà nínú yàrá, kí n wá fà á lápá padà síbẹ̀? Ẹni tó lé e jáde ló yẹ kó lọ bá a.

Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ kékeré lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, ọkọ mi ṣáà ni, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé bí mo bá dìde, yóò gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Mo wá rí i tó gbé bàtà lé itan, tó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, tí kò rí i. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a fi òwú sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí mo dì wá bá tán lẹ́nu mi. Ó ní òun ti kọ́kọ́ kán omi yẹn sójú ara òun, ó ta òun bí ata, pé ìgbà tóun ka ọ̀rọ̀ rẹ lòun da ìyókù nù. Ẹ̀rù ń ba òun, ojú sì ń ti òun láti sọ.

Ó ní, "Ìyàwó wa, fóònù ni mò ń wò, n kò rí ojú ọmọ náà. Ká ní mo rí ojú rẹ̀ ni, n kò ní lè sọ ọ́."

Ó sunkún, ọmọ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ ọ́ síbi tó ti bú ọ gan-an, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kà á, pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, pé òótọ́ lo sọ, àti pé kí ẹnikẹ́ni má kán nǹkan kan sójú. Ṣùgbọ́n ìwọ kò sí níbẹ̀ láti kà á. Ìwọ náà, bó o bá tún rí àṣìṣe àgbà, pè é sí kọ̀rọ̀. Ohun tó o sọ dára, ibi tó o ti sọ ọ́ ni kò dára.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún bàbá rẹ kékeré, kó wá sọ́dọ̀ rẹ kí ẹ lè bá a wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ọ́ náà. Kó o sì fi díẹ̀ lé e fún dátà mi, torí ìkíni máa ń jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó o mọ ohun tí à ń pè ní àìlẹ́nìkan. Ibi tó o bá wọ̀, wọ́n á sún fún ọ jókòó. Ìtìjú ò ní mọ ilé rẹ, ọkọ tó o bá máa fẹ́ á wá ọ wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bú ọ.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ti fi ibi tí orúkọ rẹ wà hàn mí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ ìwé yìí, ìka ọwọ́ òsì mi wà lórí orúkọ rẹ. N kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ jáde, n kò ní fipá mú ọ wọlé. Pè mí, ọmọ mi, kó o kàn sọ pé, "Màámi, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Èmi ni, ìyá rẹ.