Orúkọ Tó Wà Lójú Ewé Kẹtàdínlógún

Ojúlé Kejìlá,
Ìsẹ̀dó,
Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
14 Oṣù Kọkànlá, 1976.

Títílayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ọ̀tan? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ṣé wọ́n ti rí bẹ́ǹṣì tó? Ara tiwa le níbí, ọpẹ́ ni.

Ọpẹ́ náà ni mo fẹ́ dá, mo sì fẹ́ tètè dá a kí iṣẹ́ mìíràn tó dé. O mọ̀ mí. Ìwé ewì Ìlá tí à ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́, èmi akọ̀wé ìgbìmọ̀ fún un ní oṣù mẹ́ta péré, mo sì ti dá ọjọ́ fún ilé ìtẹ̀wé ní Òṣogbo. Ewì mọ́kànlélógún la kó jọ: ti ọdẹ, ti jagunjagun, ti olóyè. Ọkùnrin ló ké gbogbo rẹ̀. Mo ní kí o bá mi wo àṣìkọ lásán, o wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Alfred, àwọn ìyàwó ilé dà?"

Kí n má purọ́, inú bí mi. A ti gba ohùn Ìyá Ṣéhù sínú tépù, ìyàwó ilé Fádípẹ̀ tó ti ń ki oríkì ilé náà láti ogójì ọdún. Èmi gan-an ni mo fi gègé pupa pa tiwọn rẹ́. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti pe Fádípẹ̀, bàbá ọkọ wọn, "Bàbá Abẹ́-Orógbó" ni wọ́n ń pè. Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìyá yìí ò mọ ìtàn. Alága wa, Ọ̀gá Ìdòwú, ní òun ti wí tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdí àdìrò ò lè wọ ìwé.

Ìlà kejì tí o kọ ló mú mi jókòó: "Ṣé o gbọ́ kí ìyá rẹ pe orúkọ bàbá bàbá rẹ rí?" N kò gbọ́ ọ rí, Títí. Ìyàwó kì í pe orúkọ àna. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì jókòó ti gègé mi bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé ẹ̀rọ tépù padà lọ sí ilé Fádípẹ̀. Ìyá Ṣéhù ní àwọn ò ní pe orúkọ Bàbá nítorí ìwé kankan. Àjọkẹ́, àbúrò ọkọ wọn, ń bó ẹ̀gúsí nítòsí. Ó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni, ọkọ ló jẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi pè é."

"Ìyàwó, Bàbá ti kú tipẹ́. Ẹ̀rù wọn ṣì ń bà ọ́?"

"Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ pè é."

Bí a ṣe gbà á nìyẹn. Ìyá Ṣéhù á ké, wọ́n á dákẹ́ níbi orúkọ, Àjọkẹ́ á pè é, wọ́n á tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nínú mọ́kànlélógún tiwa, kò sí èyí tó dùn tó o. Ọ̀gá Ìdòwú gbọ́ ọ, ó ní kí n tún tépù náà tẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà dúró, kò sì pa mí.

Nígbà tí mo béèrè orúkọ tí a ó kọ sábẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Kùdírátù ni, pé ìyá àwọn ló pe àwọn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìwé dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo ṣí ojú ewé kẹtàdínlógún, mo ka orúkọ náà fún wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà. Àjọkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dán an wò lẹ́nu: "Kùdírátù."

"Ọkọ mi," ni ìyá dá a lóhùn.

Ìwọ lo ṣe é, Títí, mo dúpẹ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ìwé tìrẹ wà nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ̀ ọ́n dúró,

Alfred Ògúntóyìn