Iyọ̀ Inú Agolo Àtíkè

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Bísí ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ àtijọ́ fún mi. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí i, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ mọ ohun tí mò ń jẹ. Ó dáa. Bísí, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ohun tí mo jẹ lónìí: ẹ̀wà tí kò níyọ̀. Ìrẹsì tí kò níyọ̀. Ẹja — inú òkun ni wọ́n bí i sí, inú òkun ló dàgbà sí, àmọ́ nílé yìí kò níyọ̀ lára mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé mi dé Mende, ilé Adétúnjí ọmọ mi. Òòyì kọ́ mi nídìí ẹ̀pà tí mò ń yan ní Alápẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá gbé mi wá. Nọ́ọ̀sì ní tí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá sọ̀kalẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kí n gbàgbé iná, kí n gbàgbé ẹ̀pà, kí n jókòó síbí. Kí n jókòó síbí ṣe kí ni? Àga wọn rọ̀ jù. Tí mo bá ti jókòó, àfi kí ẹnìkan fà mí dìde.

Jessica ìyàwó ọmọ mi ló ń darí oúnjẹ. Ìjọba ni mo sọ ọ́. Ó ti ti iyọ̀ àti màgí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ ń bá a lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Ọbẹ̀ Ìjọba dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mummy."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Rédíò. Ọkùnrin kan ní ó yẹ kí ìjọba — ti Àbújá, kì í ṣe tèmi — fi òdiwọ̀n sí iyọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ ń dà sínú oúnjẹ inú ọ̀rá. Ẹnìkan pè wọ́n láti Kétu, ó ní ìjọba tí kò tíì tún gọ́tà ṣe ló fẹ́ wá máa tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Adétúnjí náà gbè mí, ó ní ahọ́n kálukú, ti kálukú ni.

Ìjọba kò bá wa jiyàn. Ó gbé ọ̀rá ìpanu kan lé mi lọ́wọ́. "Mummy, iye iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ bá mi kà á."

Ó mọ̀ pé mi ò mọ̀wé.

Mo ní ojú ń dùn mí, mo dá ọ̀rá rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mi ò ní sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Ajarat wá kí mi. Òun ló ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Láti òní lọ, Fàyàwọ́ lorúkọ rẹ̀. Agolo àtíkè ló gbé wá — ó ti da àtíkè inú rẹ̀ nù, ó rọ iyọ̀ kún un. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì tú báàgì rẹ̀, ó rí àtíkè, ó ní ẹ̀yin ìyá yìí ṣì ń ṣoge. Fàyàwọ́ ní, "Ṣé a ti kú ni?"

Agolo náà ní ihò wẹ́wẹ́ lórí. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé nítorí iyọ̀ ni.

Bísí, bí màmá rẹ bá gbọ́, èmi àti ìwọ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Mo jẹ ẹ̀wà. Ó dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Ẹja rántí òkun. Ìjọba béèrè bóyá oúnjẹ dára. Mo ní kò burú. Ó wò mí títí.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Fàyàwọ́ pè mí. Mo sọ fún un pé Àbújá kàn ń fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí. Kí wọ́n tó bí àwọn dókítà wọn ni ahọ́n mi ti ń tọ́ omi iyọ̀ tí mò ń rẹ ẹ̀pà sí wò. Bó dín, ó mọ̀. Bó pọ̀, ó mọ̀. Ta ló fẹ́ tàn án jẹ?

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la. Mo gbé agolo, mo gbé e sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá ga, ó tán — àga rírọ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mo tún gbé e. Mo gbọ̀n ọ́n sí i. Ẹ̀wà ni, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì so rọ́bà rẹ̀ mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó tún un fẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Kí n máa lo oògùn, kí n máa lọ sílé mi.

Mo jó. Bísí, kọ ọ́ pé mo jó. Mo jó dé iwájú Ìjọba, mo gbé agolo jáde, mo ní kó wò ó: iyọ̀ ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, iyọ̀ kò sì pa mí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mummy, ó ti pẹ́ tí iyọ̀ yẹn ti tán. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ ẹ̀. Iyọ̀ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ní kí n rà ló wà níbẹ̀, èyí tí oró ẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó bá oògùn mi mu.

Mo kọjú sí Bísí. Ọ̀dàlẹ̀. Ìjọba ní ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. "Ẹ̀yin fúnra yín ni. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé lẹ ti ń bú ọbẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ẹ dákẹ́. Ẹ wá ń gbé àtíkè wá sídìí oúnjẹ, a ò sì rí i lọ́rùn yín rí."

Mo bú u. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún bú u.

Ahọ́n mi. Kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Alápẹ̀rẹ̀. Àpótí ìjókòó mi. Ó le, ó dáa. Iná, iyanrìn gbígbóná, ẹ̀pà. Gbogbo ojúlé ló wá kí mi.

Ọ̀rọ̀ kan ń yí nínú mi láti inú mọ́tò: ẹni tó ra ẹ̀pà mi, kí ló rí kà lára ìgò? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bó mọ̀wé, bí kò mọ̀wé, ọwọ́ mi ló wà.

Mo dín iyọ̀ kù nínú omi tí mo rẹ ẹ̀pà sí. Díẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Mo tún dín in kù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Fọkanáísà òdìkejì ra ìgò méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù keje

Fàyàwọ́ wá jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà mi. Wọ́n tún ń jiyàn iyọ̀ lórí rédíò. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́pà, Mende yẹn ṣe ọwọ́ rẹ lóore o. Ẹ̀pà yìí kò dùn tó báyìí rí. Iyọ̀ ẹ̀ ṣe wẹ́kú."

Ó ní kí a má jẹ́ kí ìjọba kankan fọwọ́ kan iyọ̀ wa láé.

Mo ní láé. Mo tún bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.