Fọ́tò Kẹ́hìndé Lára Ògiri Ẹnuwá

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹwàá 1995
Wọ́n rí fọ́tò ìgbà ogun Bìáfírà nínú àpótí olóògbé Fáníyì onífọ́tò. Wọ́n fẹ́ pàtẹ wọn sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹnuwá. Olórí ètò ni Dókítà Ìbídàpọ̀, olùkọ́ yunifásítì. Mo-mọ̀-ọ́n-tán lèmi ń pè é. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ogun, èèyàn á rò pé òun ló yin ìbọn àkọ́kọ́. Ẹni tí ikun ṣì ń dà nímú rẹ̀ nígbà náà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Mo yọjú síbẹ̀. Mo bá ara mi lára ògiri. Sójà méjì lórí bẹ́ǹṣì, ojú kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìbejì tó ti ogun dé láyọ̀."

Láyọ̀! Àwa méjèèjì la jọ lọ, èmi nìkan ló padà. A ò tiẹ̀ rí òkú Kẹ́hìndé sin. Èmi nìkan ló jókòó fún Fáníyì — lápá òsì, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún — ó sì so méjèèjì pọ̀. Ère ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá lọ. Ìjọ Màámi ò gba ère, ni wọ́n bá fi fọ́tò ṣe é. Ta ni ò mọ irú èyí n'Ífẹ̀? Mo-mọ̀-ọ́n-tán ni.

Ọjọ́rú, 4
Mo lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú, fọ́tò kì í parọ́." Ó ní ọjọ́ ń lọ, èèyàn lè gbàgbé. Kí n gbàgbé pé ẹni tá a jọ pín inú kú! Òpònú tó wọ táì.

Lọ́jọ́ ìṣíde, lójú gbogbo ayé ni n ó ti sọ ọ́: Kẹ́hìndé kú. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ nílé wa. Màámi ò jẹ́. "Ó rìnrìn àjò ni."

Ọjọ́bọ̀, 5
Màámi gbọ́. Wọ́n láwọn ń bọ̀ síbi ìṣíde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wàhálà dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Mo-mọ̀-ọ́n-tán sọ òyìnbó títí ìdí fi ń ro wá. Mo dìde, mo la ẹnu — Màámi ti dé iwájú fọ́tò. Wọ́n fọwọ́ pa ojú ẹni tó wà lápá ọ̀tún, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Ẹ̀jìrẹ́ mi, o kú àtijọ́. Kẹ́hìndé, o kú ìrìn."

Dókítà bi wọ́n pé èwo wá ni Táíwò. Wọ́n na ọ̀pá sí ẹni kejì, wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó.

Mo jowú. Ojú èmi gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ pa. Láti ìgbà tí mo ti togun dé, wọn ò fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀ rí lára mi.