Ajánásì Fún Wáàsí Omi Kànga

Nusaybah ọmọ mi, Àwẹ̀ró tèmi,

Asàlámù àléékúmù. Èmi ìyá rẹ Sọ̀fíyátù ni mo ń kí ọ láti abúlé wa lẹ́yìn Mowe, níbi tí ọ̀dà títì ti parí tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ, àbí ìndómì náà ni? Ọlọ́run tó mú ọ wọ Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ẹni tó ń wá ọ fún rere á rí ọ, ẹni tó ń wá ọ fún ibi kò ní mọ ojúlé rẹ. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, akọ kan, abo kan. Afẹ́fẹ́ ká páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Fóònù ló sú mi. Láti ọjọ́ tí o ti ní o ò lè wá sọ̀rọ̀ mọ́ ní yunifásítì tó wà nítòsí wa níbí, bí mo bá ti dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, o á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bí mo bá sì béèrè pé ṣé o ti jẹun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dáa padà. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Nusaybah. Ìbùkún, ọmọ Ọ̀ṣun tó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń lọ ránṣọ ní Yaba lójoojúmọ́, òun ni mo fi rán, mo sì ní kó dúró tì ọ́ títí o fi máa kà á tán.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé mò ń fetí sílẹ̀ tí o bá ń sọ̀rọ̀. O ní àwọn yunifásítì yìí pè ọ́ ní àlejò, pé kí o wá bá àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ lórí omi kànga Ibafo àti Mowe, èyí tí o wá ń bù sínú ìgò kéékèèké lọ́jọ́sí, tí Ìyá Ròkíátù fi ń bi mí pé ṣé kànga òun ló ń ṣàìsàn. O ní àwọn tó ń fúnni lówó ìwádìí máa wà níjòókòó, pé bí ọ̀rọ̀ rẹ bá wọ̀ wọ́n létí, wọ́n á fún ọ lówó láti yẹ gbogbo kànga agbègbè wa wò, wọ́n á sì tún rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ sí i fún odidi ọdún kan. Ohun tó dáa ni. Àfi bí o tún ṣe yí ohùn padà, tí o ní ẹ̀rù ń bà ọ́, pé nígbà tí o sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá kan l'Ékòó, ohùn há ọ lọ́fun, o dúró bẹ́ẹ̀, o sì sọ̀ kalẹ̀ láìparí. O ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Èmi ò gbà, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Owó yẹn gan-an kọ́kọ́ kọ mí lóminú, torí o ní èèyàn ò ní san án padà. Láyé mi, sàráà nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń fúnni bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ sàráà gbọ́dọ̀ ṣàdúà fún ẹni tó ṣe é. Ni mo bá kó àwọn ìyá Àsàlátù jọ lọ́jọ́ Jímọ̀, a dín mósà, a ní ká ṣàdúà fún olówó ìwádìí. Lèmọ́mù béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá tó bí i. Mo pè ọ́, o ní kì í ṣe èèyàn, iléeṣẹ́ ni. Mo ní ṣé iléeṣẹ́ náà ò ní ìyá ni? O bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi torí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ò rẹ́rìn-ín o. Ó ní àwọn ò lè máa rán àdúà lọ síbi tí àwọn ò mọ ẹni tó máa gbà á. A kúkú fi orúkọ tìẹ ṣe é, a jẹ mósà wa, kálukú gba ilé lọ.

Ti iṣẹ́ kíkọ́ yẹn tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbùkún tí ò ń wò yìí sanwó fún ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó pọn ọmọ ọ̀gá, lọ́jọ́ tó gba fìrídọ́ọ̀mù ó tún ra mínírà fún gbogbo àdúgbò. Àwọn kan wá ní àwọn á sanwó fún ọmọ iṣẹ́ kó lè wá kọ́ iṣẹ́, àwọn á tún fún un nílé tó máa sùn. Ìbùkún ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé iṣẹ́ náà ló ń ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Mo ní kò burú, ọmọ tèmi á bá a ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Mo jókòó ti agbada gààrí, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì ti mọ ohun tó há ohùn rẹ. Nusaybah, ta ni ajánásì rẹ lọ́jọ́ náà?

Inú ẹ̀ kúkú lo dàgbà sí. Bí ààfáà àgbà bá ń ṣe wáàsí nínú àwẹ̀, ṣé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀? Ajánásì á jókòó tì í, á ka ẹsẹ̀ Kùránì síta, ààfáà á wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí ajánásì bá ń kà, ààfáà á mí, á mu omi, á rántí ohun tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, àwa tá a jókòó á ké Alláhù Akbar, ààfáà á tún mí. Bó bá wá rẹ̀ ẹ́, àwọn ìyá Àsàlátù á gbé orin. Kò sí ààfáà tó ń dá dojú kọ èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ìwọ wá, wọ́n gbé ọ síwájú àwọn àgbàlagbà l'Ékòó, kò sẹ́ni tó bá ọ ka nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ké, gbogbo wọn ń wò ọ́ níran. Báwo ni ohùn ò ṣe ní há?

Mo bá àbúrò mi, Bọ̀ọ̀dá rẹ Nọ́fíù, sọ ọ́. O mọ̀ pé òun ni ajánásì mọ́sálásí wa, kò sì sí irú ohùn ẹ̀ láti ibí dé Owódé. Ó ní òun gbà, àmọ́ òun ò mọ súrà tí wọ́n fi ń ṣe wáàsí omi kànga. Mo ní Nusaybah á kọ ọ́ fún un. Ó ní bó bá jẹ́ òyìnbó ńkọ́? Mo ní ká lọ bi àwọn onílé, torí àlejò tó bá ní èèyàn, àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ wo ibi tó máa dé sí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí yunifásítì náà lọ́jọ́ Ajé. Má bínú. Bí o bá sì bínú, a ti lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kí la wá ṣe, mo ní èmi ni ìyá oníwáàsí. Ó wo láwàní orí Nọ́fíù, ó wo hìjáábù mi, ó ní bó bá jẹ́ ìsọjí la ń wá, Redemption Camp la máa lọ, ṣùgbọ́n òun ò rò pé ibẹ̀ là ń lọ. Mo dárúkọ rẹ, mo dárúkọ kànga, ló bá mú wa lọ sọ́dọ̀ Pùròfẹ́sọ̀ Ọláwùnmí, ìyá tó pè ọ́ ní àlejò.

Odidi pùròfẹ́sọ̀ kúnlẹ̀ kí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Mo ro gbogbo ẹjọ́ ajánásì fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ díngí ojú wọn nu. Lẹ́yìn náà wọ́n mú fóònù wọn jáde. Wọ́n fi hàn mí, ọ̀rọ̀ rẹ wà lójú ẹ̀ pé o ò wá mọ́. Wọ́n ní àwọn ò tíì dá ọ lóhùn nítorí àwọn ò mọ ohun tí àwọn á sọ. Mo ní kí wọ́n má dá ọ lóhùn rárá. Mo ní bí àlejò bá ní òun ò wá mọ́, tí onílé ò sì tíì fèsì, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Mo wá béèrè bóyá òfin wọn gba ajánásì. Wọ́n ní, “Màámi, ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dá nìkan dúró. Kó mú un wá.”

Wọ́n ní Nọ́fíù á máa ka ohun tí àwọn oníkànga fi ẹnu ara wọn sọ fún ọ, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìwọ á wá máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn olówó pẹ̀lú ohun tí o rí nínú ìgò. Inú Nọ́fíù dùn, ó ní ìyẹn ò le, pé òun mọ bí Ìyá Ròkíátù ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní àwọn kan á máa wò ọ́ láti ilé wọn nínú kọ̀ǹpútà. Jọ̀ọ́, kí àwọn yẹn kí o tó kí àwa tá a wà níjòókòó, torí kò sẹ́ni tó máa bu omi fún wọn.

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo gbọ̀ngàn náà. Ó tóbi, àga ibẹ̀ ń gòkè lọ bí àtẹ̀gùn. Mo ti ń sọ fún bàbá rẹ tẹ́lẹ̀ pé ojo ni ọ́, pé kí ló wà nínú kéèyàn dúró sọ̀rọ̀. Mo bá gun ibi gíga tí o máa dúró sí, mo ní kí n kàn kí wọn káàárọ̀. Nusaybah, ohùn mi há. Àga lásán ni o, kò sí èèyàn lórí ẹ̀ ju Nọ́fíù àti Pùròfẹ́sọ̀ lọ, síbẹ̀ mi ò mọ orúkọ ara mi mọ́. Èmi tí mò ń pariwo láti ìdí agbada dé ìdí kànga. Àánú rẹ ṣe mí gan-an níbẹ̀. Nọ́fíù rí mi, ó ké Alláhù Akbar láti ẹ̀yìn pátápátá, Pùròfẹ́sọ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ náà ṣe Àmín tẹ̀ lé e. Mo mí. Mo ní Sọ̀fíyátù lorúkọ mi, gààrí ni mo ń yan, ọmọ mi ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí omi tí à ń mu. Gbogbo ẹ̀ ló jáde lẹ́nu mi, kò sì há mọ́.

Nítorí náà, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí ẹ̀rù má bà ọ́. Kó bà ọ́, kí o sì wá. Fi owó kẹ̀kẹ́ àwọn ìyá Àsàlátù ránṣẹ́, wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀, mi ò sì lè dá wọn dúró. Fi owó díngí ojú Nọ́fíù náà kún un, torí Kùránì ti wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ kà yìí ó máa ní láti rí i. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, má gbàgbé èmi náà.

Ọlọ́run á tú ahọ́n rẹ sílẹ̀. Á fi ọ́ síbi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ. Omi tí o bá yẹ̀ wò kò ní pa ẹni tó ń mu ún, o ò sì ní rìn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Pùròfẹ́sọ̀ ń retí ìpè rẹ. Àwọn ni kí o pè, má pè mí. Bí ohùn bá há ọ lórí fóònù náà, má pa á, mí, wọ́n á dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ Sọ̀fíyátù, tó ti kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ kí o tó dé.