Irin Tí Kò Fẹ́ Omi

Luton, 28 Disẹ́ńbà, 1964

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ọdún. Ara mi le, inú mi sì ń dùn gan-an. Òyìnbó àgbàlagbà kan ń kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré nínú àgọ́ kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ará Erijiyan ni mí, ó ní kí n máa wá bá òun fi iná jó irin pọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ kìíní, bí irin ṣe pọ́n, mo rì í bọ omi bí ẹ ti ń ṣe àdá. Ó sán bí ìkòkò! Ọ̀gá ní irú irin yìí kò fẹ́ omi. Ńṣe la máa ń tilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i, kó máa tutù fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àgọ́ náà. Mo jó ìwọ̀nba irin tó kù, èmi nìkan jókòó tì í, mo ń fi ooru rẹ̀ yáná. Nígbà tó tutù, mo wá òmíràn jó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti tán.

Ẹ kí Tíṣà Dúrótoyè tó ń ka ìwé yìí fún yín. Ẹ kí gbogbo ará ulé. Ẹ sọ fún Ìyá mi pé èrò pọ̀ níbi tí mo ti ṣọdún.

Ọmọ yín,
Adéṣínà