Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Tọrọ Ààyè Kó Tó Mu Omi

"Ṣé èmi ni wọ́dà rẹ ni? Lọ mu omi, jàre!" Àǹtí olóòtú ètò orí rédíò, ohun tí màmá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má bínú, mà." Ló bá gbé ife sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi.

Àwọn tó ní àwọn fẹ́ fún un níṣẹ́ ló tà á sóko ẹrú, níbi tí kò ti gbọ́dọ̀ ṣe ohunkóhun láìtọrọ ààyè. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó rà á, ó ti wà nílé. Ṣùgbọ́n kó tó mu omi, kó tó wẹ̀, á kọ́kọ́ ní, "Ṣé kí n lọ?" Àwa náà á ní, "Máa lọ." A rò pé àánú rẹ̀ là ń ṣe, àfìgbà tí obìnrin tó ń gbà á nímọ̀ràn sọ pé ṣe la tún ń ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Mo fẹ́ mọ̀: tá ò bá sí nílé ńkọ́, ta ló máa ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí òùngbẹ á kàn máa gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin olùgbọ́ tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ti pinnu nǹkan kan, mi ò sì ní sọ fún ẹnì kankan nílé. Èmi ni n ó máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òòyà rẹ̀, bàtà rẹ̀, títí dọjọ́ tó máa wò mí lójú, tó máa ní, "Mi ò fún ẹ."